Àáró Ìwà Rere

Mi ò fẹ́ràn kí àgbàlagbà máa gba ẹ̀bùn nítorí pé ó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Lọ́jọ́ tí Màdáámù Edith kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò àárín ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, tó ní ẹni tó bá tẹ́ ibùsùn rẹ̀ dáadáa yóò gba káàdì, ẹni tí kò bá bú ẹnikẹ́ni látàárọ̀ dalẹ́ yóò gba káàdì, èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Màdáámù," mo ní, "ajá la máa ń ju egungun sí bó bá jókòó jẹ́ẹ́."

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ tíṣà láti Igbó-Ọrà ni, ó kàwé nípa ìwà ẹ̀dá ní yunifásítì, wọ́n sì gbé e wá sọ́dọ̀ wa pé kó wá fi ẹ̀bùn tún ìwà wa ṣe. Ó ní, "Bàbá Ọmọ́tárá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọdẹ, ṣé ajá yín kì í gbọ́ràn ni?" Ajá mi sì máa ń gbọ́ràn.

Ó wá ń ka àwọn ohun tí èèyàn lè fi káàdì gbà: ọṣẹ, míìkì alágolo, ìpè orí fóònù, ìjókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n bí bọ́ọ̀lù bá wà. Mo ń ṣẹ̀fẹ̀ sí gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Ó dé orí èyí tó tóbi jù. Ní ìparí oṣù, ẹni tí káàdì rẹ̀ bá pọ̀ jù ní yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú wọ́dà méjì, á wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Èṣùbíyìí lorúkọ mi, ọmọ ìlú Tápà ní Ìbàràpá. Ọ̀ràn ààlà oko ló gbé mi dé ọgbà ẹ̀wọ̀n olóko tó wà lẹ́yìn Erúwà yìí. Mo fi ẹ̀rúkọ́ lu ẹni tí a jọ pààlà, apá rẹ̀ kán, wọ́n tò ó, kò tò. Nítorí ebè mélòó kan ni o. Inú mi nígbà náà kì í gba ìkìlọ̀. Kí n tó mọ̀ pé mo ti ń bínú, ọwọ́ mi á ti dé ibi tó ń lọ. Adájọ́ ní kí n lọ fi ọdún márùn-ún ronú sí i.

Ojúọlá, ìyàwó mi, ti lóyún lọ́jọ́ náà. Ó bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́tárá. Orúkọ yẹn ni gbogbo èèyàn fi ń pè mí, títí kan àwọn wọ́dà, mi ò sì tíì fojú kan ẹni tó ni orúkọ. Màmá mi, Ifáfúnkẹ́, ló ṣòfin. Wọ́n ní ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nílé wa, bí Màmá bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ojúọlá máa ń mú fọ́tò ọmọ wá, mo mọ eyín rẹ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dirun rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í dì mọ́ni lọ́rùn. Ọmọ ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, ìyókù ọdún mi sì tún pọ̀ nílẹ̀. Bí mi ò bá lọ bá a nílé, kò sí bí a ṣe fẹ́ ríra.

Nítorí náà, èmi tí mo ń fi ajá ṣẹ̀fẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ibùsùn.

Tèmi tún yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Màdáámù pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ìbínú ni àìsàn mi, kì í ṣe ibùsùn. Ó ní bí mo bá ti rí i pé inú mi ń ru bọ̀, kí n sọ pé, "Mo ń bọ̀," kí n kúrò níbẹ̀, kí n lọ dúró ti táǹkì omi títí èémí mi á fi balẹ̀, kí n tó padà wá sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Ìgbàkígbà tí mo bá ṣe é, káàdì kan. Mo ní bí mo bá padà dé tí ẹni náà ṣì ń sọ ìsọkúsọ ńkọ́? Ó ní, "Ẹ tún padà lọ sí táǹkì."

Mo rìn ọ̀nà táǹkì yẹn lóṣù àkọ́kọ́ débi pé koríko kú lójú ọ̀nà. Mo máa dúró níbẹ̀, mo máa mí sínú, mo máa mí síta, inú á tún máa bí mi sí mímí náà. Káàdì ni mo ń wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwà ni mo ń wá.

Àmọ́ oṣù yẹn gan-an ni yàrá wa dàrú. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló lè lọ sílé, gbogbo wa ló sì fẹ́ lọ. Bí ẹnì kan bá tẹ́ ibùsùn tán, ẹlòmíràn á lọ tú u. Bí èèyàn bá pòṣé lásán, wọ́n á ti sáré lọ fẹjọ́ sùn. Àwa tí a ti ń pín iyọ̀ fún ara wa tẹ́lẹ̀ wá ń ṣọ́ra wa bí ológbò tó ń ṣọ́ èkúté. Malachi ló gba ipò kìíní. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pa eṣinṣin. Ohun tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n, òun ni kí ẹ bi. Ó lọ sílé, ó dé nírọ̀lẹ́, ó mú ẹ̀kọ àti àkàrà bọ̀ fún wa. Kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ àkàrà. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Ìyẹn dùn mí ju bí mi ò ṣe gba ipò lọ. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a ń ro oko ẹ̀gẹ́, mo ní kí wọ́n gbọ́ mi.

"Nílé gbogbo wa," mo ní, "bí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, kí là ń ṣe?"

"Àáró," Sódìq dáhùn. Ọmọ Ayétẹ̀ ni Sódìq, ó kéré sí wa, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún.

"Ẹn-ẹ́n. Lónìí gbogbo wa á kọbè lóko Lágbájá, lọ́la a ó kọrí sí oko Tàmẹ̀dò, títí á fi kárí. Ẹnikẹ́ni kì í bá ẹni tí àáró kàn du ebè. Ìwà rere tí wọ́n ní ká máa hù yìí, iṣẹ́ oko ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe é láàáró."

Bí mo ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Ètò Màdáámù ku oṣù márùn-ún tí wọ́n fi máa dán an wò, àwa tí a kò tíì lọ sílé sì jẹ́ márùn-ún. Ẹni tí oṣù bá jẹ́ tirẹ̀ á hùwà bí áńgẹ́lì. Àwa yòókù á máa dẹ́ṣẹ̀ kéékèèké kí káàdì wa má baà lé tirẹ̀ bá. Ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ padà, nítorí bó bá sá lọ, oko ẹni tó kàn ló fi iná sí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, torí bí Màdáámù bá gbọ́, ó ti tán.

Malachi gbé ojú sókè. "Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ ní ká máa dá?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni, Díákónì. Ẹ kàn pẹ́ dé orí ìlà."

A ṣẹ́ gègé. Èmi ni mo mú oṣù tó kẹ́yìn. Mo fara mọ́ ọn, nítorí èmi ni mo dá a lábàá.

Ó gbéṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìjà tán ní yàrá wa, ẹni tó bá ti ilé dé á jókòó sáàárín, á máa ròyìn ọ̀nà fún wa, a ó sì jẹ ohun tó bá mú bọ̀ tán pátápátá. Malachi nìkan ni kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ dá. A ní kó pẹ́ dé orí ìlà, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ṣáláńgá, ó ń tọrọ ìdáríjì fún pípẹ́ tó fẹ́ pẹ́. Wọ́dà bá a níbẹ̀ tó ń gbàdúrà, ó fún un ní káàdì. Ọjọ́ mìíràn, a ní kó bú Sódìq. Ó wo Sódìq títí, ó ní, "Ìwọ... ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí." Ibi tó mọ nìyẹn.

Màdáámù rí i pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá wa, kò kàn mọ ohun tó jẹ́ ni. Ó ṣàkíyèsí pé bí oṣù bá ti ń parí lọ, ìwà wa á máa rọ́ lulẹ̀, àfi ti ẹnì kan. Ó rò pé ó ń rẹ̀ wá ni. Ó pè wá jọ, ó bẹ̀ wá pé ká má jẹ́ kó sú wa, ó sì fi agolo míìkì kan kún ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù. Bí a ṣe ń mu míìkì lórí ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Ó kan mí lára díẹ̀, nítorí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn obìnrin náà.

Ti Sódìq ni kò yọrí sí ayọ̀. Páànù tí bàbá rẹ̀ rà láti fi kan ilé ló jí tà, bàbá náà fúnra rẹ̀ ló fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bàbá náà ní Sódìq kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin òun. Nígbà tí oṣù rẹ̀ kàn, wọ́n gbé e dé Ayétẹ̀, bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó jókòó sábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn wọ́dà títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó padà dé, a bi í pé báwo ni ilé. Ó ní, "Mo rí ilé."

Oṣù tèmi dé. Ẹ ò rí irú oríire bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí mọ̀ pé ọ̀nà táǹkì ni káàdì mi wà, wọ́n wá ń múnú bí mi tọkàntọkàn. Bí mo bá kọ ebè, Sódìq á ní òkìtì èèrà ni. Ẹnì kan á ní ọdẹ Tápà kì í pa ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Malachi náà sún mọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó wo òsì wo ọ̀tún, ó ní, "Bàbá Ọmọ́tárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, orí yín tóbi." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé táǹkì. Káàdì mi ń gorí ara wọn. Ojúọlá ti gbọ́, ó sì ti ń palẹ̀ mọ́. Ó ní òun máa di irun ọmọ ní ṣùkú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ni èèyàn ń kọ́kọ́ sọ fún ọmọ rẹ̀. Mi ò rí ẹni bi.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù parí nígbà tí Làtíífàt, ẹ̀gbọ́n Sódìq, wá bẹ̀ ẹ́ wò. Kò pẹ́ tó fi lọ. Sódìq wọlé wá, ojú rẹ̀ fàro. Ó ní bàbá òun dùbúlẹ̀, oúnjẹ kì í wọlé mọ́. Ó ní bàbá náà ń pe òun. Bàbá ní kí wọ́n bá òun wá ọmọ òun wá, òun fẹ́ forí jì í kí òun tó kú.

Ó lọ bẹ Màdáámù. Màdáámù bá a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá pátápátá, mo rí wọn tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá ní kò sí ọ̀nà ìta mìíràn fún ẹlẹ́wọ̀n wa àfi èyí tó wà nínú ètò: ẹni tó bá gba ipò kìíní. Sódìq padà wá, ó dùbúlẹ̀. Kò wò mí. Kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ mi, nítorí ẹni tó ti jẹ àáró rẹ̀ tán kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Inú bí mi sí i. Mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo ní kí ló dé tí kò fi jí nǹkan mìíràn? Kí ló dé tí bàbá náà kò fi ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà? Mo lọ sí táǹkì, kò sẹ́ni tó rí mi, mi ò gba káàdì kankan fún un. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí èémí mi balẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù nínú mi ni pé ọmọ mi á máa dàgbà, ṣùgbọ́n bàbá Sódìq kò ní máa dúró.

Mo lọ bá Màdáámù. "Ẹ gbà mí, ṣé èèyàn lè fi ọjọ́ rẹ̀ tọrẹ?"

Ó mọ ibi tí mo ń lọ. Ó mi orí. "Mo ti rò ó, Bàbá Ọmọ́tárá. Bí a bá gbà kí wọ́n máa fi tọrẹ, àwọn alágbára á máa fi ipá gbà á lọ́wọ́ àwọn tí kò lágbára, ètò náà á sì bàjẹ́. Ti ẹni tó bá ní i ni." Ó tún ní, "Ẹ̀yin ẹ má sì ba tiyín jẹ́. Mo fẹ́ mú èsì ètò yìí lọ bá àwọn ọ̀gá ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ."

Òótọ́ ló sọ, mi ò sì lè bá a jiyàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ ìjà sókè, gbogbo káàdì rẹ̀ lóṣù náà ni wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá gba tèmi, tí àwọn yòókù sì tún rẹ ara wọn sílẹ̀ díẹ̀, Sódìq ló máa wà lókè. Mo sọ fún Malachi nígbà tí a ń wa ẹ̀gẹ́. Kò sọ pé kí n ṣe é, kò sọ pé kí n má ṣe é. Ó kàn ní, "Ta lẹ máa lù?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni o. Eyín kan ń dùn mí lọ́tùn-ún."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a tò fún oúnjẹ. Ẹ̀wà ni. Mo ti kọ́kọ́ rò ó pé kí n dojú ìkòkò dé, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni mí, mi ò lè da ẹ̀wà nù. Mo ta báàkẹ́ẹ̀tì omi nù, mo sì di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì Malachi mú. Mo wá ń wá ìbínú. Ẹ gbọ́ o: mo wá a, mi ò rí i. Mo rántí ẹni tí a jọ pààlà, mo rántí ebè, mo rántí bó ṣe fi ẹnu rẹ̀ bú bàbá mi. Ó kàn ń kọjá lójú mi lásán. Èmi Èṣùbíyìí, tí gbogbo Tápà ń yà fún lọ́nà, mo dúró láàárín ọgbà, mo ń ronú pé báwo ni mo ṣe máa ń ṣe é ná.

"Ẹ yára," Malachi sọ sí mi létí. "Ṣẹ́ẹ̀tì mi fẹ́ ya."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ láyé àtijọ́, ó ń jáde lẹ́nu mi bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo gbá a létí. Ó ṣubú, ó sì ń pariwo pé, "Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́!" Àwọn wọ́dà ti bò mí. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ mi lọ, mo rí Màdáámù lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó wá bá mi ní ibi tí wọ́n tì mí mọ́.

"Kí ló ṣe yín?" ó ní. "Kí ni Malachi ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan."

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé nítorí Sódìq ni? Ẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ ìṣáájú, lónìí ẹ lu èèyàn."

Mo fẹ́ sọ. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á mọ̀ pé ìjà náà kì í ṣe ìjà, ọjọ́ Sódìq á sì bọ́. Mo ní, "Inú ló bí mi, Màdáámù. Ẹ má bínú."

Ó gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú. "Ohun tí mo fojú rí ni mo máa kọ," ó ní. "Mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè kọ." Omi wà lójú rẹ̀, ó sì yára lọ kí n má baà rí i. Ó dùn mí ju bí wọ́n ṣe gba káàdì mi lọ. Mo sunkún lọ́sàn-án yẹn, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́.

Sódìq lọ sí Ayétẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní òun ti dárí jì í, ó ní kó jókòó ti òun, ó sì jókòó tì í títí wọ́dà fi ní ó tó. Bàbá náà kú lọ́sẹ̀ yẹn náà. Gbogbo èyí, Malachi ló sọ ọ́ fún mi. Sódìq kò lè sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dá mi padà sí yàrá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú mi, kò sì dìde títí mo fi fa apá rẹ̀.

Ó wá ku Ojúọlá.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò tó tẹ̀lé e ló wá. Wọ́dà ẹnu géètì ti sọ fún un kó tó wọlé, mo rí i lójú rẹ̀. Ó jókòó, kò kí mi. Wọ́dà mìíràn fẹ̀yìn ti ògiri, gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́.

"Ta lẹ tún lù?"

"Malachi ni."

"Díákónì? Ẹni tí ẹ ní kì í pa eṣinṣin?"

"Òun ni."

"Kí ló ṣe fún yín?"

Mo wo tábìlì. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Mo ra bàtà fún ọmọ. Mo kọ́ ọ pé kó kúnlẹ̀, kó ní, 'Ẹ káàbọ̀, Bàbá.' Kó má baà gbàgbé, ó ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ọkùnrin tó bá kọjá níwájú ilé. Títí di òwúrọ̀ yìí, Bàbá Ọmọ́tárá, ó ṣì ń kúnlẹ̀. Kí ni kí n lọ sọ fún un?"

Kò sí ohun tí mo lè sọ tí wọ́dà kò ní gbọ́.

Ó dìde. Ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí ọwọ́ mi má baà tó o, kó tó sọ èyí tó kù. Bó ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn, mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ ò yí padà. Wọ́n lè fún yín ní gbogbo míìkì tó wà ní Ìbàràpá, ẹ ò ní yí padà láéláé. Mo ti rí i. Ó ti rẹ̀ mí. Mò ń lọ, mi ò sì mọ ìgbà tí n ó padà wá."

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ Ojúọlá, kò tíì bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kí n má lu nǹkan: tábìlì, ilẹ̀kùn, ògiri. Àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n. Ó ti ń wo ọwọ́ mi.

"Mo gbọ́," mo ní. "O jàre. Ọ̀nà jìn, rọra máa lọ. O ṣeun tó o wá. Bá mi kí ọmọ."

Kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń dúró de ìyókù rẹ̀. Kò sí ìyókù. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi tó wà jẹ́ẹ́ lórí tábìlì, ó tún wò mí.

"Bàbá Ọmọ́tárá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "kí ló ṣẹlẹ̀ níbí gan-an?"

Mo wo wọ́dà. Ó tẹ̀lé ojú mi, òun náà wo wọ́dà. Ó fa àga, ó sì jókòó padà.

Wọ́dà ní àkókò ti tó. Ojúọlá kò dìde.